Orúkọ Tí A Ó Máa Pè Lẹ́nu Géètì: Ìdáhùn sí Ìbéèrè Yín lórí Ajá àti Ológbò

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo yọ sọ́tọ̀ nínú àwọn tó wọlé sórí tábìlì mi lóṣù yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn ń bi wá: orúkọ wo ni ó yẹ kí a sọ ẹran ọ̀sìn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọlé? Èkìtì ni gbogbo wọn ti wá. Mo ti gé àwọn tó gùn kúrú díẹ̀, mo sì ti yọ orúkọ àwọn tó kọ wọ́n kúrò gẹ́gẹ́ bí a ti máa ń ṣe. Ìdáhùn sí ti àkọ́kọ́ gùn ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù.

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Ìyàwó ilé ni mí ní Ìjerò-Èkìtì. Oṣù tó kọjá ni ọkọ mi mú ọmọ ajá kan wálé, akọ ni, irun rẹ̀ sì pupa rúsúrúsú. Láti ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ ti wà láàárín àwa àti ẹni tó múlé tì wá, ọkọ mi sì ti búra pé Ojúkòkòrò ni ajá náà yóò máa jẹ́, kí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn lè máa gbọ́ ọ láràárọ̀. Àwọn ọmọ ní tiwọn ń pè é ní Iná nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi tí wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ wa kò dá sí i púpọ̀, wọ́n kàn sọ pé orúkọ tó bá gùn kì í wọ ajá létí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ìdáhùn: Ọkọ yín kò dá àṣà kankan sílẹ̀. Láti ayé àwọn baba wa ni a ti ń fi orúkọ ajá ránṣẹ́ sí ẹni tí a kò fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lójúkojú, àwọn obìnrin inú agbo ilé sì ni wọ́n mọ ọ̀nà rẹ̀ jù. Ní agbo ilé tí mo dàgbà sí ní Adó, ìyá bàbá mi ní ajá kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Orogún wọn, tí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, fara da orúkọ náà fún bí oṣù méjì kó tó lọ wá ajá tirẹ̀, ó sì sọ ọ́ ní Ọlọ́runlómọ̀ọ́n. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú tí àwọn méjèèjì bá gbé àwo oúnjẹ ajá jáde, ọ̀kan á ké pe "Tanímọ̀la o!", èkejì á sì gbà á láti ẹnu ọ̀nà tirẹ̀ pé "Ọlọ́runlómọ̀ọ́n o!", àwa ọmọdé á sì máa fi ọwọ́ bo ẹnu, nítorí a mọ̀ pé kì í ṣe ajá nìkan ni wọ́n ń pè. Bí bàbá àgbà bá bi wọ́n pé kí ló fa ariwo, ajá ni olúkúlùkù ń pè wá jẹun, kò sì sí ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè dá ẹni tó ń fún ajá rẹ̀ lóúnjẹ.

N kò ní bu àṣà yìí kù. Ọ̀pọ̀ ìbínú ló ti gba ẹnu ajá jáde tí ì bá gba ẹnu ènìyàn jáde, kó sì di ìjà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n parí ìtàn náà fún yín. Ọdún kẹta ni àwọn ìyá méjèèjì parí ohun tó wà láàárín wọn, nígbà tí wọ́n jọ dáná ìgbéyàwó ọmọ kan ṣoṣo, tí ọ̀kan ń ro ọkà tí èkejì ń se ọbẹ̀. Tanímọ̀la sì tún lo ọdún mẹ́fà láyé lẹ́yìn náà. Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìyá bàbá mi láti pe ajá wọn tán. "Mọ̀la, Mọ̀la" ni wọ́n wá ń fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pè é, bí ẹni tó ń bẹ orogún rẹ̀ pé kó má ṣe rántí ibi tí orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ajá tí a bá tọ́jú dáadáa a máa lo ọdún 10 sí 13. Bí ọ̀rọ̀ ààlà yín bá parí ní ọdún tó ń bọ̀, tí ẹni tó múlé tì yín bá wá kí yín tòun ti ìṣù iṣu lọ́wọ́, Ojúkòkòrò ni yóò pàdé rẹ̀ lẹ́nu géètì.

Ohun kan tún wà tí ọkọ yín kò tí ì rò. Ẹni tí kò mọ ìtàn ààlà, tó kàn ń kọjá lọ ní ojú ọ̀nà, ojú ajá yín ni yóò kọ́kọ́ fi orúkọ náà wò, lẹ́yìn náà yóò wo ojú ẹni tó ni ajá. Ọjọ́ tí ajá yín bá sì jí ẹja nínú ìkòkò ẹlòmíràn, tí gbogbo ajá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣáá, àlàyé yín yóò ṣòro.

Ní ti gígùn orúkọ, òtítọ́ ni ìyá ọkọ yín sọ. Kì í ṣe etí ni ìṣòro ajá. Ìró tí etí ènìyàn ń gbọ́ kò kọjá bí ìgbì 20,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti ajá sì kọjá 40,000. Ohun tí ajá kò ní ni ìtumọ̀ tí àwa fi ń so ọ̀rọ̀ gígùn pọ̀. O-jú-kò-kò-rò jẹ́ sílébù márùn-ún, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn tó ń kánjú kì í pe gbogbo rẹ̀ tán: ọ̀kan á ní "Ojú", òmíràn á ní "Kòkòrò", ajá yóò sì máa gbọ́ orúkọ mẹ́ta dípò ọ̀kan. Orúkọ sílébù méjì ni ó dára jù, nítorí pé ó ṣe é pè kíákíá, ó sì ṣe é fà gùn bí ajá bá ti jìnnà.

Àwa tí a ń sọ Yorùbá tún ní ohun tí a gbọ́dọ̀ ṣọ́ ju àwọn ẹlòmíràn lọ, èyíinì ni ohùn orí ọ̀rọ̀. Kí ẹ wo àwọn ọ̀rọ̀ tí ẹ ó máa fi pàṣẹ fún ajá náà kí ẹ tó yan orúkọ: wá, dúró, jókòó, lọ, mú un. Mo ti jìyà àìṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ajá dúdú kan tí mo ní nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé ilé tí mo ń gbé báyìí, Dúdú ni mo sọ ọ́ láìronú rárá, mo sì fi sùúrù kọ́ ọ pé bí mo bá ti wí pé "Dúró", kí ó má ṣe gbé ẹsẹ̀ kan sí i mọ́. Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ohun tó wá ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí mo bá wà ní ẹ̀yìnkùlé tí mo pe "Dúdú!", yóò sáré títí dé ìdí igi ọsàn tó wà láàárín àgbàlá, yóò sì dúró gbagidi síbẹ̀, ẹsẹ̀ iwájú kan nílẹ̀, èkejì lókè, yóò máa wò mí lójú bí ẹni tó ń bi mí pé èwo ni kí òun ṣe nínú méjèèjì. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Sílébù méjì ni ọ̀rọ̀ méjèèjì, ohùn òkè ni gbogbo wọn, "dú" ló sì bẹ̀rẹ̀ wọn.

Orúkọ tí àwọn ọmọ yín mú wá, Iná, kúrú, ó sì bá àwọ̀ rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n ẹ tẹ́tí sí bí ìyá ọkọ yín ṣe ń pè é. Bí wọ́n bá jẹ́ ọmọ Èkìtì tí ọdún ti gòkè lórí wọn, Uná ni wọn yóò máa pè é, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe ilé ní ulé, tí wọ́n ń pe iṣu ní uṣu. Ìyàtọ̀ kékeré ni lójú wa, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ni ajá fi ń mọ̀ pé òun ni a ń bá wí. Nínú ilé tí àgbà ń sọ èdè Èkìtì tí àwọn ọmọ sì ń sọ Yorùbá ilé ìwé, n kò ní yan orúkọ tí "i" bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kọ́ńsónáǹtì tó le níbẹ̀rẹ̀, bíi "b", "k", "t" tàbí "gb", kò ní yí padà lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Kòkó ni ó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn fún ajá pupa, nítorí pé irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ ni kòkó ń ní bí a bá sá a sórí ẹní tó sì gbẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè é sókè lẹ́ẹ̀mejì, mo gbọ́ ìdí "jókòó" nínú rẹ̀, mo sì jáwọ́. Ẹ wo Bàtá bí ẹ bá fẹ́: ohùn ìsàlẹ̀ tó gòkè lójijì, kò jọ àṣẹ kankan, kò bú ẹnikẹ́ni, àwọn ọmọ á sì rí ohun jó sí. Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, kí ẹ tó fi lé ajá lórí, kí ọkọ yín lọ dúró sí ẹnu géètì ní nǹkan bí agogo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, nígbà tí àwọn ará àdúgbò ń bọ̀ láti ọjà, kí wọ́n sì fi gbogbo ohùn wọn pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ojú bá tì wọ́n, kí wọ́n wá òmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ gé ẹja gbígbẹ sí wẹ́wẹ́, kí ọ̀kan má tó èékánná. Ẹ pe orúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí kò wò yín, bí ó bá yíjú, ẹ fún un ní ẹja. Ìṣẹ́jú mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́, ó ti tó. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì yóò ti máa dáhùn. Ẹ má ṣe pe orúkọ náà nígbà tí ẹ bá fẹ́ lù ú tàbí kí ẹ bá a wí. A máa ń pa á lówe pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, ṣùgbọ́n mo ti rí ajá púpọ̀ tí wọ́n ń gbọ́ fèrè náà ketekete, tí wọ́n kàn mọ̀ pé pàṣán ló wà nídìí rẹ̀.

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi, Ọ̀yẹ́-Èkìtì ni mo ń gbé. Ẹnìkan tó ń kó lọ sí ìlú mìíràn fún mi ní ajá rẹ̀, ó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, Bíńgò ló ń jẹ́. Ìṣòro mi ni pé Bíńgò mẹ́ta mìíràn ti wà ní àdúgbò wa. Bí mo bá pe tèmi, gbogbo wọn ló ń wá. Bàbá mi sọ pé a kì í yí orúkọ ajá àgbà padà, pé yóò kàn máa ya pọ́ńkán kiri ni. Ṣé òtítọ́ ni?

Ìdáhùn: Ẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá yín fún mi, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú ajá, orúkọ kì í ṣe ara rẹ̀ bí tiwa ṣe jẹ́ ara wa. Ìró kan ni, tó ń sọ fún un pé ohun rere ń bọ̀. Bí ẹ bá so ohun rere mọ́ ìró mìíràn, yóò gbà á. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ máa pe orúkọ tuntun ṣáájú, kí ẹ sì fi ti àtijọ́ tẹ̀ lé e kíá. Lẹ́yìn náà ẹ máa dín ti àtijọ́ kù títí tí ẹ ó fi fi í sílẹ̀ pátápátá. Orúkọ tuntun ni kó wá ṣáájú o. Ẹnìkan tí mo mọ̀ ṣe é ní òdì, ó fẹ́ kí ajá rẹ̀ máa jẹ́ Gángan, ó wá ń pè é ní "Bíńgò Gángan" kiri àdúgbò, àwọn ènìyàn sì rò pé ó ń fọ́nnu ni, pé tirẹ̀ gangan ni Bíńgò, pé ayédèrú ni àwọn tó kù.

Ẹ má ṣe mú orúkọ tó jọ Bíńgò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò rọrùn fún un láti mọ̀, nítorí pé yóò rọrùn fún àwọn mẹ́ta yòókù náà.

Ohun kan tí àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé ni ìwé àjẹsára. Bí ẹni tó fún yín ní ajá bá ti gba abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi fún un, orúkọ Bíńgò ni yóò wà lórí káàdì náà. Ẹ gbé káàdì àti ajá lọ bá dókítà ẹranko, kí ó kọ orúkọ tuntun sí i pẹ̀lú àwọ̀ ajá àti àmì ara rẹ̀, kí ẹ sì fi àǹfààní náà bèèrè ìgbà tí abẹ́rẹ́ tó kàn yóò jẹ́. Nígbà tí ọmọ ajá bá pé oṣù mẹ́ta ni a máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, a ó sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Bí ajá yín bá ṣèèṣì bu ẹnìkan jẹ, káàdì yẹn ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè, kò sì ní dára kí ó jẹ́ pé ajá mìíràn ni ìwé ń sọ.

Ìbéèrè: Ẹ káàárọ̀ mà. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì, yàrá kan ni mo gbà. Mo ní ọmọ ológbò kan, mo ń pè é ní Pùsì, ṣùgbọ́n kì í dá mi lóhùn. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé sọ pé ológbò kì í mọ orúkọ, àti pé kí n tilẹ̀ lé e lọ nítorí ohun tí àwọn àgbà ń sọ nípa ológbò. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ológbò mọ orúkọ rẹ̀. Bóyá yóò dáhùn ni ọ̀rọ̀. Ní ọdún 2019, àwọn onímọ̀ kan ní Jàpáánì tẹ èsì ìwádìí wọn jáde: wọ́n jẹ́ kí ológbò gbọ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí gígùn àti ohùn wọn jọ ti orúkọ rẹ̀, títí ọ̀rọ̀ náà fi sú u tí kò kà á sí mọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n wá pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Etí rẹ̀ ló kọ́kọ́ yí, tàbí orí rẹ̀. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ àjèjì ló pè é, púpọ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn ológbò tí wọ́n ń sìn pọ̀ ní ilé ìtajà kọfí, níbi tí ọ̀pọ̀ oníbàárà ti ń pè wọ́n, kò lè ya orúkọ tiwọn sọ́tọ̀ kúrò lára ti ẹlẹgbẹ́ wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yín wà gan-an nìyẹn. Pùsì kì í ṣe orúkọ, gbogbo ènìyàn ló ń fi pe gbogbo ológbò. Ẹni tó fẹ́ fún un lóúnjẹ ń pè é ní Pùsì, ẹni tó mú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹ fún un ní orúkọ tirẹ̀, kúkurú, kí ẹ sì máa pè é kìkì nígbà tí ẹ bá ń gbé oúnjẹ kalẹ̀. Bí ẹ bá sì rí i tí etí rẹ̀ yí díẹ̀ tí kò dìde, ó ti gbọ́ yín, kàn ń rò ó wò ni.

Ní ti àwọn ará ilé yín, n kò ní bá wọn jiyàn lórí ohun tí wọ́n gbàgbọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ológbò tí ó ní orúkọ tí àwọn ọmọ inú ilé mọ̀, tí ó sì so okùn aláwọ̀ mèremère mọ́ ọrùn, kì í fi bẹ́ẹ̀ rí òkò. Ológbò tí kò lórúkọ ni àwọn ènìyàn máa ń bi pé ta ló rán an wá.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán sà tàbí mà. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí, Ìdó-Èkìtì ni a ń gbé. Bàbá mi ní kí n fún ọmọ ajá wa lórúkọ, mo sì sọ ọ́ ní Kábíyèsí nítorí pé ó ń rìn bí ọba. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n màmá mi ní n kò gbọdọ̀ pè é bẹ́ẹ̀ níta. Kí ló burú nínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ, ọmọ mi, mo sì mọ irú ìrìn tí ò ń sọ. Ṣùgbọ́n gbọ́ ti màmá rẹ. Jẹ́ kí a rò ó pé ọba ìlú ń kọjá pẹ̀lú àwọn ìjòyè, tí ìwọ sì ń pariwo lẹ́nu géètì pé "Kábíyèsí, fi egungun yẹn sílẹ̀!" Oyè ọba, orúkọ alágbà àdúgbò, orúkọ ọmọ tí ẹ jọ ń lọ sí ilé ìwé, gbogbo wọn jẹ́ ohun tí ẹlòmíràn ti ni. Ní ọdún 2016, wọ́n mú ọkùnrin kan ní Sango-Ọ̀tà ní ìpínlẹ̀ Ògùn nítorí pé ó sọ ajá rẹ̀ ní Buhari, orúkọ ààrẹ wa ìgbà náà, wọ́n sì gbé e lọ sí kóòtù. Ní tèmi, wọ́n ti sọ ọ̀rọ̀ náà di ńlá jù, ṣùgbọ́n ìwọ kò fẹ́ irú wàhálà bẹ́ẹ̀ nítorí ọmọ ajá. Má ṣe mú orúkọ òrìṣà náà. Ajá ni wọ́n fi ń bọ Ògún, Ìrè-Èkìtì tí wọ́n ti ń ṣọdún rẹ̀ kò sì jìnnà púpọ̀ sí yín. Ajá tó bá ń jẹ́ Ògún níbẹ̀, àwàdà tí àwọn àgbà kò ní bá ọ rẹ́rìn-ín sí ni.

Kọ orúkọ mẹ́ta sórí ìwé, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sílébù méjì. Dúró sí ẹ̀yìn ọmọ ajá náà nígbà tí kò wò ọ́, kí o sì pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn kan náà. Èyí tí ó bá mú kí etí rẹ̀ nà sókè ni kí o fi hàn màmá rẹ.